Ta Ni Ó Ní Kí Wọ́n Fi Ọ̀dà Bo Àwọn Àga Wa?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ẹlòmíràn yóò wò ó bí ọ̀rọ̀ kékeré. Yóò ní, nígbà tí owó oṣù kò ká oúnjẹ mọ́, tí owó ọkọ̀ ń fò sókè lójoojúmọ́, ṣé ọ̀rọ̀ àga àti tábìlì ló yẹ kí káfíńtà kan wá fi dí ojú ìwé ẹgbẹ́? Ó dára. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ fi sùúrù kà á dé ìdí. Bí ó bá kà á tán tí kò rí ọ̀rọ̀ owó oṣù nínú rẹ̀, kí ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, màá ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún un.

Gbogbo yín lẹ mọ gbọ̀ngàn ìpàdé tó wà ní òkè ilé iṣẹ́ wa. Ẹ mọ àwọn àga ibẹ̀. Ọ̀gánwó ni wọ́n fi kàn wọ́n, ìrókò sì ni tábìlì gígùn tó wà láàárín. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Kò sí ìṣó kan ṣoṣo ní oríkèé wọn. Ahọ́n ni wọ́n gbẹ́ wọ inú ihò, wọ́n fi gáàmù lẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi èèkàn igi kékeré há a. Bí ẹ bá dorí ọ̀kan nínú wọn kodò, ẹ óò rí nọ́ḿbà tí ẹni tó kàn án fi irin gbẹ́ sábẹ́ ìjókòó. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi í hàn mí ní ọdún tí mo wọlé síbí, ìyẹn 1994. Ó ní, "Wò ó, ọkùnrin yìí kò kọ orúkọ ara rẹ̀. Nọ́ḿbà ló kọ, nítorí ó mọ̀ pé lọ́jọ́ kan ẹnìkan yóò tú àga yìí, yóò sì ní láti tún un tò." Ẹni tó kàn án ti ro tiwa mọ́ tirẹ̀ kí a tó dé ibẹ̀.

Ní ọdún 2023, nígbà tí àwọn àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ wá bẹ ilé iṣẹ́ wa wò, àwọn aláṣẹ ní àwọn àga náà ti dúdú jù. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Wọn kò tilẹ̀ rán ọmọ ọ́fíìsì kan sí wa. Agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n pè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta gbé agolo ọ̀dà gun òkè lọ. Nígbà tí ó fi di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àga 48 ti di funfun. Mo ní funfun, ṣùgbọ́n funfun bíi ti wàrà tó ti fẹ́ máa kan ni.

Mo gòkè lọ wò ó ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Wọn kò fọ ohunkóhun. Ìdọ̀tí ọwọ́ tí ó ti lé ní ọdún márùnléláàádọ́ta, òróró irun níbi tí àwọn ènìyàn ń gbé orí lé, eruku, èéfín, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀. Wọn kò fi sáńpépà kàn án. Ẹ̀fọn kan bà lé apá àga tí alága ń jókòó sí, wọ́n kun òun náà mọ́ ọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì nà síta. Ọ̀dà kán sí etí awọ ìjókòó, ó kán sílẹ̀, ó dí ihò kọ́kọ́rọ́ tábìlì. Dúrọ́ọ̀ méjì kò ṣí mọ́. Ìyá tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà ni ó fi ọ̀bẹ ìdáná já wọn ṣí, ó sì bọ̀ mí wá bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kí n tó kọ ọ́ síhìn-ín, ó sì ti gbà.

Ẹ rántí ìpàdé gbogbogbò wa ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Oòrùn mú. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa láti ẹ̀ka ìnáwó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí owó àjẹsílẹ̀, àga náà sì bá a dìde. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a já a kúrò, ọ̀dà tó lẹ̀ mọ́ aṣọ léèsì rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kò sì sí ẹni tó san owó aṣọ náà fún un títí di òní. Ibi tí ọ̀dà ti ṣí kúrò lára àga, igi ọ̀gánwó pupa tí mo mọ̀ ló yọjú níbẹ̀, ó ń dán.

Nínú ìwé ìròyìn wa tó jáde kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n wa kan kọ̀wé pé gbọ̀ngàn ti mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé àtijọ́ ni àtijọ́, pé àwa káfíńtà kàn ń jowú agbaṣẹ́ṣe ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ìlara tí wọ́n sọ, òótọ́ ni. Ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn láti bà jẹ́, tí kò sì jowú, ẹni náà ti kú, wọn kò tíì sin ín ni. Ṣùgbọ́n pé ó mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti bá wọn jiyàn, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀dà àti igi ṣe ń bá ara wọn gbé, nítorí ó dà bí ẹni pé àwọn aláṣẹ wa rò pé bí a bá ṣáà ti ra búrọ́ọ̀ṣì, a ti kọ́ iṣẹ́.

Igi kì í jáwọ́ nínú mímí. Tí òjò bá dé, ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́, á wú. Tí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á sún kì. Ní ìbú ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní òró. Nítorí náà, níbi tí pákó tó dábùú bá ti pàdé pákó tó dúró, àwọn méjèèjì kì í rìn pa pọ̀. Ọ̀dà tí a kùn nípọn bí ọ̀rá kò lè bá wọn lọ bá wọn bọ̀, oríkèé ni yóò ti kọ́kọ́ là. Omi ìnulẹ̀ yóò gba ojú ìlà náà wọlé, kò sì ní ríbi jáde bọ̀rọ̀, nítorí ọ̀dà ti bo gbogbo ara yòókù. Bí igi ṣe ń jẹrà lábẹ́ ọ̀dà nìyẹn. Ẹni tó ń wò ó lókè yóò máa sọ pé ó mọ́lẹ̀.

Ohun kejì ni pé ọ̀dà kò lè di ohun tó ń yọ̀ mú. Ẹ da omi sórí ewé kókò kí ẹ wò ó. Igi tó ní fáníṣì àtijọ́ tó ń dán, tó tún ní ọ̀rá ọwọ́ ènìyàn lórí, kókò ni lójú ọ̀dà. Bí ọ̀rá tàbí ìda bá wà níbẹ̀, ọ̀dà elépo kò tilẹ̀ ní gbẹ dáadáa. Yóò rọ̀ títí, bí oòrùn bá mú yóò máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn. Kì í ṣe àjẹ́ ni ó mú àga bá ìyá wa dìde. Ọṣẹ àti omi tí àwọn ènìyàn kan kò fẹ́ ná owó lé lórí ni.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún wà níbẹ̀. Ọ̀gánwó àti ìrókò ní àwọ̀ nínú ara wọn, gbogbo ẹni tó bá ti la wọ́n mọ̀ ọ́n láti ara ìyẹ̀fun igi tó ń pọ́n aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kun ọ̀dà olómi funfun lé wọn lórí tààrà, irú èyí tí a fi ń kun ògiri, omi inú ọ̀dà náà á fa àwọ̀ igi jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ óò rí àbàwọ́n bíi ti tíì tó dà sórí aṣọ tábìlì. Ẹ tún un kùn, yóò tún jáde. Mo mọ ọkùnrin kan tó kun kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, tó sì gbà nígbẹ̀yìn pé ẹnìkan ló ń fi ṣe òun. Pólíṣì ẹ̀ẹ̀kan péré ní abẹ́ ọ̀dà náà ni ì bá dá àwọ̀ náà dúró.

Ní ti àwọn àga tiwa, ohun tó dùn mí jù nìyí. Wọn kò nílò ọ̀dà rárá. Pólíṣì ni wọ́n fi ṣe wọ́n, èyí tí àwọn ọ̀gá wa ń pè ní Fúrẹ́ńṣì pólíṣì. Kòkòrò kéékèèké kan ní Íńdíà àti ní Táílàńdì ló ń sun ohun kan bí oje jáde sára ẹ̀ka igi. Ohun náà ni wọ́n ń kó, tí wọ́n ń fọ̀, tí àwa ń rẹ sínú sípíríìtì. A ó fi òwú sínú aṣọ funfun, a ó dì í bí èkuru, a ó máa fi ra igi náà ní yíyíká, lónìí, lọ́la, lọ́tunla, kò ní nípọn ju ẹ̀yìn èèpo àlùbọ́sà lọ. Ẹwà iṣẹ́ yìí ni pé ó ṣeé túnṣe láéláé. Sípíríìtì tuntun máa ń yọ́ ti àtijọ́, àtijọ́ àti tuntun á wọ inú ara wọn, á di ọ̀kan. Dúdú tí àwọn aláṣẹ rí, ìdọ̀tí tó jókòó sórí pólíṣì ni. Àwa mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù ì bá fọ ọ́, à bá ra á, a ò bá sì dá gbogbo rẹ̀ padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láì ra ju ọṣẹ, sípíríìtì, òwú àti àpò pólíṣì díẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní àga àtijọ́ nílé lè mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Kí ó ki aṣọ funfun bọ sípíríìtì, kí ó fi nu ibi tí kò hàn, bí abẹ́ ìjókòó. Bí ojú igi bá rọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, pólíṣì ni. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, kí ó fi tínà dán an wò. Ìṣẹ́jú kan ni. Àwọn tó kun gbọ̀ngàn wa kò ní ìṣẹ́jú kan yẹn.

Kí ẹ má sì rò pé àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta náà ni mò ń bá jà. Mo bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n padà wá gba ìyókù owó wọn. Iye àga tí wọ́n bá kùn ni agbaṣẹ́ṣe fi ń san owó fún wọn. Ẹni tó bá fọ àga, tó fi sáńpépà ra á, tó dúró kí ọ̀dà àkọ́kọ́ gbẹ kí ó tó kun èkejì, ebi ni yóò pa á lọ sílé. Ọ̀kan nínú wọn mọ iṣẹ́. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé ohun tí àwọn ṣe kò dára, pé òun sọ ọ́, wọ́n sì ní kí òun máa lọ bí kò bá wu òun. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni ọmọ yẹn, àfi pé kò ní ẹgbẹ́ tí yóò gbà á sílẹ̀. Ẹni tó bu owó iṣẹ́ náà sí méjì, tó fi ìdajì sí àpò, tó fi ìdajì ra ọ̀dà tó pọ́ọ́kú jù lọ́jà, òun ni mò ń bá wí, òun àti ẹni tó fọwọ́ sí ìwé pé iṣẹ́ náà ti parí dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò lórí ẹwà, kí n bọ́ sórí ẹ̀mí. Nígbà tí ọ̀dà náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó, wọ́n ní kí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wá họ ọ́. Ó ti di tiwa báyìí! Wọ́n fún wa ní sáńpépà, wọn kò fún wa ní ìbomú. Àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde láti 1995 pé ìyẹ̀fun igi wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, pàápàá jù lọ nínú imú. Ìyẹ̀fun ìrókò fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan eré. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti ń rà á bí ara ṣe máa ń yún un, bí ojú ṣe máa ń ta á. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni òjé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́ ló ní òjé nínú, kì í sì í ṣe àtijọ́ nìkan. Ní 2021 ni NAFDAC ṣe òfin pé òjé inú ọ̀dà kò gbọdọ̀ ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Èyí tí wọ́n ti tà ṣáájú ìgbà náà ṣì wà lára ilẹ̀kùn, lára bẹ́ẹ̀dì ọmọ, lára àga. Bí a bá ra á ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ á gba imú wọlé, á bá wa lọ sílé lára aṣọ iṣẹ́, àwọn ọmọ wa á fà á sí ẹnu. Ohun tí òjé lè fi ọmọdé ṣe, gbogbo Nàìjíríà rí i ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, nígbà tí eruku òkúta tí wọ́n ń fọ́ wá wúrà pa àwọn ọmọ tó lé ní irínwó. Ti wúrà nìyẹn, kì í ṣe ti ọ̀dà. Òjé kan náà ni.

Nítorí náà èmi kọ̀ láti ra á ní gbígbẹ. Omi ni mo fi ń rẹ ẹ́, mo sì ń fi irin pẹlẹbẹ họ ọ́. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra oògùn abọ́dà tí wọ́n ń tà nínú agolo. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ methylene chloride nínú. Ó ti pa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lò ó nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò sí, débi pé ní 2019 ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dá títà rẹ̀ fún ará ilé dúró. Ẹlòmíràn ní kí n ri àga sínú omi kọ́sítííkì sódà. Òtítọ́ ni pé sódà máa ń bó ọ̀dà. Ó tún máa ń yọ́ gáàmù inú oríkèé, ó sì ń sọ ọ̀gánwó di dúdú bí èédú. Ẹni tó fi sódà bọ́ àga ọ̀gánwó dà bí ẹni tó jó ilé nítorí eku.

Wàyí o, ẹlòmíràn yóò bi mí pé, ṣé mo kórìíra ọ̀dà ni? Rárá o. Ó tì í. Àwọn baba wa kun igi kí òyìnbó tó gbé agolo ọ̀dà dé. Ẹfun wà, osùn wà, ẹ̀lú wà. Ẹ lọ wo ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu tàbí ní Ìmẹ̀kọ: bí ọdún bá kù díẹ̀, wọn a tún un kùn, a sì tún lẹ́wà sí i. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére, tó kú ní 1938, ó kun iṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Wembley, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. Ó wu àwọn òyìnbó débi pé wọn kò fẹ́ dá a padà mọ́, ó sì wà ní mùsíọ́mù wọn ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fún ọba? Àga ni. Àga ọba tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. (Èmi tí mo jẹ́ káfíńtà, mo ti ń ro pàṣípààrọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò sì tíì rí i bí ó ṣe bára mu.) Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀dà Ọlọ́wẹ̀ wà níbẹ̀ láti fi iṣẹ́ ọwọ́ hàn. Ó mú kí ojú ríran rí ibi tí ìlà gbà kọjá. Ọ̀dà gbọ̀ngàn wa wà níbẹ̀ láti bo nǹkan.

Igi wà tí ọ̀dà yẹ. Àga tí wọ́n ti fi igi oríṣiríṣi pa lẹ́, àga tó ti jóná lápá kan, bẹ́ẹ̀dì pákó lásán tí wọ́n kàn fún ọmọ ilé ìwé, ẹ kùn wọ́n. Ẹ ṣáà kùn wọ́n bí ó ti yẹ. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ra á, ẹ fi pọ́tì dí ihò, ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ kun ọ̀dà tó kù ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì yẹra fún ọjọ́ òjò.

Ṣé ọwọ́ àwa káfíńtà mọ́? Kò mọ́. Èmi ni mo ń sọ ọ́. Àwa kan wà tí a ń fi ìyẹ̀fun igi pò mọ́ gáàmù dí ibi tí ìkán ti jẹ, tí a fi ọ̀dà aláwọ̀ igi bò ó, tí a sì tà á fún oníbàárà bí ìrókò. Àwa kan wà tí ọmọ iṣẹ́ wa lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ wa tí kò mọ bí a ti ń dì òwú pólíṣì, nítorí a ò ní sùúrù láti kọ́ ọ. Ní ọdún 2002, ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa gbé àpótí ìyàwó rẹ̀ wá, èyí tí bàbá rẹ̀ kàn fún un. Ó ní kí n fi ọ̀dà tútù bí ewé kùn ún. Mo mọ̀ pé epo àti òrí ti wọ inú igi náà, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n fọ ọ́ kí n sì ra á, ṣùgbọ́n ọdún iléyá ń bọ̀, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo kùn ún bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo padà lọ kí ìyá náà lọ́dún kejì, ó ti fi aṣọ bo àpótí náà. Kò bá mi wí. Ó gbé omi fún mi mu. Mo rí ọ̀dà tútù náà nílẹ̀ káàkiri ẹsẹ̀ àpótí bí èèpo ẹja.

Mo ti jẹ́wọ́ tèmi. Ó kù kí àwọn aláṣẹ jẹ́wọ́ tiwọn, nítorí ọ̀rọ̀ owó oṣù tí mo ṣèlérí dé wàyí. Ìwé kan ti jáde láti òkè. Ó ní àwọn àga gbọ̀ngàn ti gbó, wọn kò bójú mu mọ́, kí wọ́n ta wọ́n ní gbàǹjo, kí wọ́n sì ra tuntun. Ojú ìwé kejì ìwé kan náà sọ pé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kò ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́, pé kí wọ́n wò ó bóyá kí wọ́n pín àwọn tó wà níbẹ̀ sí ẹ̀ka mìíràn. Nígbà tí mo wọṣẹ́ ní 1994, a jẹ́ mọ́kànlá. A ti ku mẹ́rin. Wọ́n gbé iṣẹ́ wa fún ẹlòmíràn, ẹni náà ba iṣẹ́ jẹ́, wọ́n wá sọ pé àga ti bàjẹ́ àti pé a kò níṣẹ́. Àwa tí a óò pín káàkiri, ta ni yóò san owó ìgbéga wa níbi tí kò ti sí iṣẹ́ káfíńtà? Àwọn ọmọ tó yẹ kí a kọ́, ta ni yóò kọ́ wọn? Ẹ̀yin ará ẹ̀ka ẹ̀rọ, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin tó ń tún iná ṣe, ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò jìnnà sí ilẹ̀kùn tiyín.

Àga tuntun tí wọ́n fẹ́ rà ńkọ́? Mo ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀ tí wọ́n gbé wá. Pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gáàmù tẹ̀ papọ̀ ni, wọ́n fi bébà tí wọ́n ya àwòrán igi sí lé e lójú. Mo da omi díẹ̀ sí etí ọ̀kan nígbà tí oníṣòwò rẹ̀ kò wò mí. Ọjọ́ kejì ni ó ti wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Bí oríkèé rẹ̀ bá jáde, ìṣó kò ní ibi tí yóò dì mú mọ́. Àwọn àga ọ̀gánwó tí wọ́n bá sì tà ní gbàǹjo, ẹ má bẹ̀rù fún wọn o, wọn yóò rí olówó. Mo ti rí tábìlì tí wọ́n tà ní gbàǹjo níbìkan rí bí igi ìdáná. Ẹni tó rà á họ ọ̀dà rẹ̀, ó ra pólíṣì sí i, nígbà tí mo tún rí i, ó wà nínú ilé olówó kan tó ń fi í hàn àlejò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa béèrè nìyí, mo sì ti fi í ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Kí wọ́n dá gbàǹjo náà dúró. Kí wọ́n kó àga 48 náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ìbomú tó dára, sípíríìtì àti pólíṣì, kí wọ́n sì fún wa ní oṣù mẹ́ta. Kí wọ́n gba ọmọ iṣẹ́ méjì, kí wọ́n lè fi àwọn àga náà kọ́ṣẹ́, ìkan nínú wọn ì bá jẹ́ ọmọkùnrin tó sọ òtítọ́ fún mi yẹn. Bí wọ́n bá ní agbaṣẹ́ṣe ni àwọn yóò máa lò láti ìsinsìnyí lọ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé kí ó kọ́kọ́ ṣe àga kan ṣoṣo kí a wò ó fún oṣù kan, kí ó sì máa sanwó ọjọ́ fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, kì í ṣe owó orí àga. Kí wọ́n san owó aṣọ ìyá wa.

Ìpàdé ẹ̀ka wa yóò wáyé ní ọjọ́ Ẹtì tó parí oṣù yìí, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo ti họ àga kan ní ìdajì. Apá ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà bí wọ́n ṣe kùn ún, apá òsì ni mo ti fọ̀ tí mo sì ti ra pólíṣì sí i. Màá gbé e wá, màá gbé e sí iwájú tábìlì àwọn ìjòyè. Kí ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn wá jókòó lé e. Kí wọ́n fi ọwọ́ kan apá méjèèjì.